Abọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Gbé fún Àǹtí Morádékẹ́

Rísíkátù, dá ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn dúró ná. Àdùnọlá, ìwọ náà, sún mọ́bí. Àlá tí mo lá mọ́jú òní ò tíì kúrò lára mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lójú àlá, aṣọ ni mò ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Àpò ìrọ̀rí kan rì sínú omi ọṣẹ. Mo ki ọwọ́ bọ omi láti wá a, ọwọ́ mìíràn sì bọ̀ mí lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ bàsíà. Ọwọ́ náà gbóná, ó mọ́ tónítóní, ó sì wọ òrùka. Ohùn kan sọ láti inú ìfófòó pé, "A ti ń retí yín. Ẹ máa bọ̀, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ tutù."

Mo ronú pé bóyá bí wọ́n ṣe ń lọ sí òkè òkun láyé ìsinsìnyí nìyẹn. Mo bọ́ sálúbàtà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, mo gbé èkejì, mo sì bá tibẹ̀ lọ.

Inú ọ́fíìsì kan ni mo yọ sí. Aṣọ mi kò tutù. Ọ́fíìsì náà kò dúró lórí ilẹ̀, ńṣe ló léfòó sókè adágún omi kan tí n kò rí etí rẹ̀. N kò rí okùn tó so ó rọ̀, n kò sì rí òpó. Bí ẹnikẹ́ni bá sín, gbogbo ilé á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹni tó bá fẹ́ sín kọ́kọ́ gbàṣẹ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni lílọ ìkùukùu. Ẹ má wò mí báyẹn. Wọ́n á fa ìkùukùu wọlé láti ojú fèrèsé bí ẹni ń fa kọ́tìnnì, àwọn obìnrin á tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí á fi tẹ́jú, wọ́n á ká a, wọ́n á sì kó o pa mọ́ de ìgbà òtútù. Mo wò ó, mo ní iṣẹ́ tó bójú mu ni. Ẹni tó bá ti lọ léèsì tí oníbàárà ká tì sísàlẹ̀ àpótí láti ọdún tó kọjá, kí ló tún lè dẹ́rù bà á?

Àga kan fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn wá bá mi.

"Èmi ni mò ń gbani síṣẹ́ níbí," àga náà wí. "Jókòó."

"Ṣé ẹ ò ní bi mí ní ìwé tí mo kà ni, mà?"

"Ìwé tó o kà ò kàn mí. Bó o ṣe ń jókòó ni mo fẹ́ rí. Ọ̀lẹ á ti gbé ẹ̀yìn tì mí kó tó kí mi. Aláriwo á máa mì mí jìgìjìgì."

Mo rọra fìdí lé etí rẹ̀, bí mo ṣe jókòó lọ́jọ́ tí a lọ mọ ilé àwọn àna ẹ̀gbọ́n mi. Àga náà mí kanlẹ̀.

"O dáa," ó ní. "Mo gbà ọ́. Ṣùgbọ́n fún ìdánwò ni o. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lo máa ṣe. Bó o bá ṣe é, o ti di tiwa. Bó ò bá ṣe é, wàá gba inú omi tó o bá wá padà, mi ò sì mọ̀ bóyá bàsíà yín ṣì wà níbẹ̀."

Bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Síbẹ̀, n kò kúrò lórí ìjókòó.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ti wọlé. Hámúndì lorúkọ rẹ̀. Ó ga, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, irùngbọ̀n rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, ó sì kún fún dúrọ́ọ̀ láti òkè délẹ̀.

"Òfin ìlú wa nìyí," Hámúndì wí, ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù náà. "Ibi tí mo bá ń lọ ló ń bá mi lọ."

Mo kúnlẹ̀ kí òfin. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan díẹ̀ fi dáhùn, ó sì tún un pa dé.

"Nílùú yìí," Hámúndì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "a kì í kàn lé òṣìṣẹ́ dànù. A gbọ́dọ̀ ní ìdí. A sì gbọ́dọ̀ sọ fún un lójúkojú."

Dúrọ́ọ̀ kan ṣí ní àárín kọ́bọ́ọ̀dù. "Lójúkojú," ó tún un wí. "Ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ wo ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ní ẹyinjú. Bí ojú wọn ò bá pàdé, a ò tíì lé ẹnikẹ́ni."

Hámúndì gbé abọ́ kan lé mi lọ́wọ́, abọ́ tánganran funfun tó ní ìdérí. Ó gbóná. Nǹkan kan ń kan ìdérí náà lábẹ́, kó, kó, kó.

"Kí ló wà nínú ẹ̀, sà?"

"Ọ̀rọ̀ ìdádúró ni. Gbé e lọ fún obìnrin tó wà nídìí tábìlì ìkẹyìn. Wò ó lójú, kó o ṣí ìdérí. Ọ̀rọ̀ yẹn á wọ̀ ọ́ létí, ó parí."

"Bí mi ò bá ṣí i ńkọ́, sà?"

"Ọ́fíìsì yìí ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá kan omi tó ò tíì ṣí i, ọ̀rọ̀ yẹn á ṣílẹ̀kùn fúnra ẹ̀, á sì wọ etí tó bá sún mọ́ ọn jù. Ìwọ lo gbé e dání."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Lóòótọ́ ni. Omi ti ń súnmọ́ wa. Mo ti ń rí àwọn ẹja tí wọ́n kóra jọ tí wọ́n gbójú sókè, bí àwọn ọmọ àdúgbò tó rí ọkọ̀ òfuurufú.

"Kí ni obìnrin náà ṣe, sà?"

Òfin ṣí dúrọ́ọ̀ kékeré kan ní ìgbáròkó rẹ̀. Bọ́tìnnì kan ló wà níbẹ̀.

"Ìdí nìyẹn," ó ní.

Mo mú un, mo yí i wò. Bọ́tìnnì tó dáa ni, kò fọ́ níbì kankan. Mo dá a padà, mo sì gbé abọ́ mi, ó di ọ̀nà tábìlì ìkẹyìn.

Bí mo ṣe ń lọ ni àwọn tábìlì ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ inú abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Yára. Mò ń tutù."

"Fara balẹ̀," mo ní. "Bí mo bá sáré, wàá dà nù."

"Ìwọ àti àwọn èèyàn yín, ẹ ò mọ nǹkan kan í yára ṣe."

"Àwọn èèyàn mi wo?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kúnlẹ̀."

Mo ti dé ìdí tábìlì. Obìnrin náà kọ̀yìn sí mi, ó ń fi omi wọ́n igun ìkùukùu kan tó ṣùpọ̀. Ó yíjú padà. Àǹtí Morádékẹ́ ni.

Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, wọ́n ti wà lókè òkun láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Orí fóònù nìkan la ti ń ríra. N kò tíì ronú tí orúnkún mi ti kanlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Háà! Fadérera! Ṣé ojú mi kọ́ nìyí? Dìde, dìde jẹ́ kí n wò ẹ́. O mà ti ga o! Ta ló gbé ẹ wá?"

"Bàsíà ni, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sí wàhálà físà." Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì rí abọ́ ọwọ́ mi. Gbogbo ojú wọn tàn. "Ìyá ẹ ló fi ránṣẹ́, àbí? Ìkọ́kọrẹ́ ni! Má sọ fún mi, mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀ látìgbà tó o ti ń bọ̀. Ṣé ó fi ẹja sí i dáadáa?"

Nǹkan tó wà nínú abọ́ kan ìdérí. Kó, kó. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Jẹ́ n sáré parí eléyìí ká jọ jẹ ẹ́," Àǹtí wí. Wọ́n nawọ́ síta fèrèsé. "O rí ilé mi lọ́hùn-ún?"

Mo rí i. Ilé kékeré kan ló wà létí omi, ó ká ẹsẹ̀ méjì sábẹ́ bí adìẹ tó ń sàba.

"Ilé iṣẹ́ ló fún mi ní ilé náà. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn níbí, ilé á dìde, á máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìbùkúnolú ọmọ mi ló ń sùn nínú ẹ̀ yẹn. Ara ẹ̀ gbóná láàárọ̀. Mo ní kó má jáde o, kó dúró dè mí."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ilé náà na ẹsẹ̀ kan, ó tún un ká. Ó ń wo abọ́ ọwọ́ mi.

"Wò ó lójú!" Hámúndì kígbe lẹ́yìn mi. Òun àti òfin àti àga ti tẹ̀ lé mi débẹ̀.

Mo gbìyànjú. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n má gbìyànjú. Mo gbé ojú mi kúrò lórí ilẹ̀, ó dé ẹsẹ̀ Àǹtí, ó dé ìdí tábìlì, ó dé bọ́tìnnì ọrùn aṣọ wọn. Ó kan àgbọ̀n wọn báyìí, ó tún já bọ́ sílẹ̀. Mo tún gbé e. Ó tún já bọ́. Nígbà tí mo gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹyinjú mi méjèèjì bọ́ kúrò níbi tí wọ́n wà, wọ́n yí gbirigbiri wọ abẹ́ tábìlì. Mo fọwọ́ wá wọn títí mo fi rí wọn, mo fi ìṣẹ́tí aṣọ mi nù wọ́n, mo sì fi wọ́n padà sáyè wọn.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" Hámúndì béèrè.

"Àgbà ni wọ́n, sà. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Bí mo bá wo irú wọn ní ẹyinjú, ó di pé mo wá ìjà wá."

"Níbí yìí, ẹni tí kì í bá wo èèyàn lójú, òpùrọ́ ni. Òfin, kí lo rí nípa àbúrò bàbá?"

Òfin ń ṣí dúrọ́ọ̀, ó ń pa á dé, pàkà, pàkà. "Àbúrò ìyá wà níbí," ó ní. "Ìyàwó àbúrò ìyá wà. Àbúrò bàbá ò sí."

"Èmi ti mọ̀ látìgbà tó ti fìdí lé etí mi," àga wí. "Onítìjú ni."

Àǹtí sún mọ́ mi. Wọ́n ń wo ìdérí abọ́ tó ń mì lábẹ́ àtàǹpàkò mi.

"Fadérera, kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́ nìyẹn."

"Kì í ṣe òun, mà."

"Tèmi ni?"

"Tiyín ni, mà."

Bí wọ́n bá pariwo ni, ì bá dára. Wọn ò pariwo. Wọ́n mú igun ìkùukùu tí wọ́n ti lọ̀ tán, wọ́n ká a, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Ṣí i," wọ́n ní. "Bó ò bá ṣí i, ìwọ ló máa wọ̀. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, èmi ti pẹ́ níbí."

"Ìbùkúnolú ńkọ́, mà?"

"Mo ní ṣí i."

Mo di ìdérí náà mú, n kò ṣí i. Lójú fèrèsé, ilé kékeré yẹn ti na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ti gbéra díẹ̀ nílẹ̀.

Hámúndì bínú, ó jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dún kọ̀ọ̀. Mo wolẹ̀, pátákò ni. Mo gbójú sókè, ó ti di òbúkọ, kóòtù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọ̀gá yòókù tó wà nítòsí náà di ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìkùukùu tí àwọn obìnrin ti lọ̀. Kò sẹ́ni tó sá. Akọ̀wé kan kàn wo ògiri, ó ní, "Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ti tó nìyẹn."

"Èmi fúnra mi ni mo máa lé e!" Hámúndì ké. Ó fò sórí tábìlì, ó dúró síwájú Àǹtí, ó ń mí sí wọn lójú. "Morádékẹ́, láti òní lọ..."

"Ojú, sà," òfin wí. "Ẹ kọ́kọ́ wò ó lójú."

Òbúkọ kọjú sí Àǹtí. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ń wo adágún omi, tòsì ń wo ògiri. Ó yí orí. Ojú ọ̀tún bá Àǹtí, tòsì bá mi.

"Ojú kan kọ́," òfin ní. "Méjèèjì ni."

Ó tún yí orí. Ó tún yí i. Ó ń yí òun tìrùtìrù lórí tábìlì yẹn, ó ń wá ojú Àǹtí, ojú Àǹtí sì ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, títí òòyì fi kọ́ ọ tó ṣubú lu àga. Àga ṣubú lu òfin. Òfin sín láìgbàṣẹ. Gbogbo ọ́fíìsì fì, ó já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ìdí rẹ̀ sì kan omi.

Ìdérí fò kúrò lábẹ́ àtàǹpàkò mi.

Ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó kéré, ó ní ìyẹ́ bí esunsun, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó ti tò sórí ìlà látàárọ̀. Kò wo Àǹtí rárá. Etí mi ló kọjú sí. Mo fẹ́ sá, omi ti mu mí dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Morádékẹ́ di orí mi mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Bàbá ẹ ńkọ́?" wọ́n bi mí.

"Ẹ̀n, mà?"

"Mo ní bàbá ẹ ńkọ́!"

"Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí mi, ó dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọlé," ó wí. Òfin tó ṣubú sínú omi ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí kò tíì ṣí rí, omi ń dà jáde níbẹ̀. "Wọ́n ń kíra wọn lọ́wọ́," ó ní. "Dúró kí wọ́n kíra tán."

Mo wo ìta. Ilé kékeré náà ti rọra jókòó padà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kíra nìyẹn o. Wọ́n bi mí léèrè ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ó ti bímọ. Wọ́n bi mí léèrè ọmọ náà, mo ní ó ti ń rá. Wọ́n béèrè ìyá tó ń din bọ́ọ̀nsì níwájú ilé wa, mo ní wọ́n ti kó lọ. Ibo ni wọ́n kó lọ? Ìkẹ́nnẹ́ ni, mà. Èmi náà bi wọ́n léèrè òtútù, mo bi wọ́n léèrè ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Omi dé orúnkún wa. Wọ́n béèrè igi ọsàn ẹ̀yìn ilé, mo ní wọ́n ti gé e. Kànga ńkọ́? Wọ́n ti dí i, mà. Kí ni wọ́n fi dí i? Ọ̀rọ̀ náà ń fò yí wa ká, ó ń fọwọ́ lu ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi falẹ̀.

Omi dé ìdí wa. Mo rí i lẹ́nu Àǹtí pé kò sí orúkọ mọ́. Wọ́n la ẹnu, wọ́n pa á dé. Àdúgbò ti tán. Èmi náà wá nínú orí mi, mo wá gbogbo ibẹ̀, n kò rí ẹnì kan tí a ò tíì béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà wúkọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọ etí mi, ẹsẹ̀ tútù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gìrìgìrì, ó ń ké, ó ń ké...

Fóònù mi ni. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ti ń ké, orí mi wà lórí rẹ̀. Ojúmọ́ ti mọ́. Mo gbé e sétí, Màdáámù wa ni.

"Fadérera, ṣé o ti jí? Gbọ́. Tó o bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, sọ fún Bàbá Ọládọjà tó ń gbá iwájú ibẹ̀ pé kó má wá mọ́ láti ọ̀la. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó yára jù ú lọ. Sọ fún un kí n tó dé o." Wọ́n ti pa á kí n tó lè sọ nǹkan kan.

Mo wá. Mo bá Bàbá níwájú ibí yìí, wọ́n ń gbá ibi tí àwa ń da ègé aṣọ sí. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé o jí dáadáa?"

"A dúpẹ́, sà. Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ní kí n kí yín."

"Ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

"Ó ti ń lọ sílẹ̀. Ṣé kò sí, Fadérera?"

"Kò sí, sà. Mo ní kí n kí yín ni."

Rísíkátù, ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀ pé kí ni mo ń jáde lọ sọ fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, o ti wá gbọ́. Mo ti béèrè òrùlé wọn tó ń jò. Mo ti béèrè ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Ṣàgámù. Ojú wọn ò tíì pàdé tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ìgbálẹ̀ ti dúró. Mọ́tò ta ló ń bọ̀ yẹn, kì í ṣe ti Màdáámù?

Àdùnọlá, jọ̀ọ́ dìde, yára. Lọ kúnlẹ̀ kí Bàbá kí Màdáámù tó bọ́ sílẹ̀. Béèrè àwọn ọmọ-ọmọ wọn níkọ̀ọ̀kan, mi ò tíì débẹ̀.